Ọdẹ́lékè Nínú Igbó Ọ̀rá Funfun

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà kó tètè jẹ ẹ́ tán, nítorí èmi kì í bá ìró èèpo ẹ̀pà du ọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ògúndípẹ̀ tí mo lé ẹfọ̀n títí ẹfọ̀n fi dúró bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mí. Èmi ni mo bá àǹjọ̀nú jìjàkadì létí odò, tó sá lọ tó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀, bàtà náà sì wà nílé mi dòní. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ gbọ́ mi, nítorí ìtàn tòní kì í ṣe ìtàn agbára mi. Ìtàn ọkùnrin kan tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni, tí àwa tó yí i ká kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́lékè ló ni ìrìn-àjò náà. Igbó tí ó rìn kò sí lẹ́yìn odi ìlú kankan. Inú orí òun fúnra rẹ̀ ló wà. Ọdún kan gbáko ló fi sọ ọ́ fún mi nígbà tí ohùn rẹ̀ ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ méjì lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́la. Ibi tí ẹnu rẹ̀ kò bá tó, á fi ọwọ́ òsì yà á sórí iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi í. Ó wà nílé.

Túùkù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Túùkù kan ń hú iṣu àwọn ará ìlú, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ń gbà wọlé àfi Ọdẹ́lékè. Ó ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Àpáta, ọ̀nà tí ènìyàn kì í sábà gbà àfi ẹni tó bá ń wá ewé tàbí igi ìdáná. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé tàkúté irin rẹ̀ lọ síbẹ̀, èyí tó ní eyín lókè tó ní eyín nísàlẹ̀, ó dẹ ẹ́ sójú ọ̀nà gan-an, ó sì fi ewé gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin àlejò, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa fún yín. Ní ìlú yìí, ọdẹ tó bá dẹ tàkúté sójú ọ̀nà ènìyàn gbọ́dọ̀ so màrìwò mọ́ igi níbi tí ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó padà wálé. Ààlè ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n: màrìwò bá wà níbẹ̀, yà, kò bá sí níbẹ̀, máa lọ. Láti ayé àwọn baba wa, ààlè kò parọ́ rí. Ọdẹ́lékè wá sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò láti gé màrìwò. Ó gé e. Bí ó ṣe ní kí òun yí padà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jábọ́ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ ké, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣubú.

Èmi ni mo rí i, ọwọ́ òsì rẹ̀ di màrìwò náà mú pinpin. Mo yọ ọ́, mo jù ú sódò, kí n lè ráyè gbé e kọ́ èjìká. Ọ̀gá ọdẹ nìyẹn o! Mo rí màrìwò lọ́wọ́ ọdẹ, n kò bi ara mi léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ohun tí Ọdẹ́lékè mọ̀ ní tirẹ̀ ni pé ilẹ̀ là, ó sì gbé òun mì. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó bá ara rẹ̀ lórí òkè kan, ìlú ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, igbó funfun báláú wà níwájú rẹ̀. Ohun kan ń mi nínú àpò rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ni, ó móoru, ó sì ń ké bí ọmọ adìẹ. Ọ̀rọ̀ náà ń wí pé: tàkúté wà lọ́nà Àpáta, kò sí ààlè níbẹ̀.

Arúgbó kan jókòó sẹ́nu ibodè ìlú náà, ó ń na ẹsẹ̀ sóòrùn. Ọdẹ́lékè kí i, ó ní, "Bàbá, ìlú wo rèé?"

"Ìlú Ìrònú ni. Ibí ni wọ́n ti bí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Gbé e lọ sí Ibodè Ẹnu, kí ayé gbọ́ ọ."

"Ó jìnnà bí?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, kò sì jọ ẹni tí inú rẹ̀ dùn. "Láàárọ̀ yìí, kò jìnnà. Àwọn ọ̀nà wa jẹ́ fọ́nrán-fọ́nrán, ọ̀rá funfun ni wọ́n fi pọ́n gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀rá náà pé, ọ̀rọ̀ á ti dé ibodè kí ẹni tó sọ ọ́ tó mọ̀ pé òun fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n odò tó ń bomi rin àwọn ọ̀nà yẹn ti dákẹ́ lọ́sàn-án yìí. Lọ wò ó fúnra rẹ."

Ọdẹ́lékè wọ inú igbó náà. Ó rí àwọn ọ̀nà tí arúgbó náà wí, wọ́n tẹ́ lọ rẹrẹ, wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń lọ, ọ̀rá ara wọn ń sán, ó ń ṣí, ó ń jábọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ilẹ̀ ti gbẹ. Ó tọ ipa odò náà lọ sókè, ó dé ibi tí odò ti há bí ọrùn kèrègbè, ó sì bá nǹkan pupa kan tó jókòó síbẹ̀, ó tóbi tó ilé ìyàgbẹ́, kò lórí, kò nírù, ojú kan ṣoṣo ló ní. Adínà ni orúkọ rẹ̀.

"Ìwọ wo nìyẹn tí o dí ọ̀nà omi?" Ọdẹ́lékè jágbe mọ́ ọn.

Adínà la ojú kan náà. "Àlọ́ mi ni kí o kọ́kọ́ já. Kí ló ń gbé ilé rẹ, tó ń jẹ oúnjẹ rẹ, tí o kò kí i rí?"

"Eku ni."

"Eku kọ́. Bí ó bá ṣe pé eku ni, ìwọ ìbá ti dẹ nǹkan fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni mí. Ọjọ́ tí orí ń fọ́ ọ tí o ní kò sí nǹkan kan, ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí mi. Ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ lóko, tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ ní kí o jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, tí o ní ọdẹ kì í rùn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ìrìn. Mo ti ń rìn kiri inú rẹ tipẹ́. Lónìí ó rẹ̀ mí, mo jókòó. Ibi tí mo jókòó sí ló há."

Ẹ ò rí i? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ọdẹ́lékè gbé ìbọn, ọwọ́ ọ̀tún kò gbà á. Ó pe ọfọ̀ tó fi ń dá ẹkùn dúró, Adínà ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ó ka gbogbo ẹran tó ti pa, láti orí ìgalà dé orí erin, Adínà ní òun mọ̀ wọ́n, òun wà nínú apá tó yìnbọn pa wọ́n. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi tí kò kúnlẹ̀ fún ọba rí kúnlẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ó ní kó jọ̀wọ́, kó dìde, ìyàwó òun lè gba ọ̀nà Àpáta nígbàkigbà.

"Bí mo tilẹ̀ fẹ́ dìde," Adínà wí, "n kò lẹ́sẹ̀."

Kí ni àwa ń ṣe níta ní gbogbo àkókò yẹn? Ẹ bi mí dáadáa. Àwa ọdẹ pé jọ, a ní iwin ló gbá Ọdẹ́lékè létí. A fi àgbo wẹ̀ ẹ́, a fi àdí pa á lára, ọjọ́ sì kọjá lórí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Àwẹ̀ró fárígá fún gbogbo wa, ó ní bí a kò bá gbé ọkọ òun lọ sí ọsibítù, òun á gbé e pọ̀n. Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi wá ní ìgbà tó ṣubú. Nígbà tí a sọ ọ́, ó mi orí.

"Rọpárọsẹ̀ ni," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan tó ń lọ sí ọpọlọ. Oògùn kan wà tí à bá fi tú u, ṣùgbọ́n kò kọjá wákàtí bíi mélòó kan tí nǹkan náà bá ṣẹlẹ̀ tí a fi ń lò ó. Apá funfun ọpọlọ ni ó bà jẹ́ jù, ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà látorí dé ẹnu àti dé ọwọ́. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ o. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ lójú rẹ̀."

Ó ń gbọ́ lóòótọ́. Ibodè Etí kò bàjẹ́, ibodè Ojú kò bàjẹ́. Inú igbó náà ló dúró sí tó ń gbọ́ ohùn gbogbo wa látòkè bí ẹni wà nísàlẹ̀ kànga.

Nígbà tí ó ṣe, Adínà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, omi sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú Ọdẹ́lékè dùn, ó gbé ọmọ adìẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó tún sáré padà sójú ọ̀nà. Omi dé nítòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti kú. Ọ̀rá ti rà lára wọn láti ibi tó dúró sí títí lọ, ibòmíràn sì wà tó já pátápátá, kò sí ọ̀nà mọ́ níbẹ̀, ọ̀gbun ló wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣì ń dán láàárín gbogbo rẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan. Ó kó sórí rẹ̀, ó sáré, ó dé Ibodè Ẹnu, ó ju ọ̀rọ̀ náà síta pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Níta, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹnu rẹ̀ là, ó ní, "Omi."

Àwẹ̀ró fò sókè, ó fi ayọ̀ sunkún, ó bu omi fún un. Ọdẹ́lékè mu ún. Ó sáré padà lọ gbé ọ̀rọ̀ náà, ó tún gbé e dé. "Omi." Wọ́n tún fún un lómi. Ọ̀nà omi ni ọ̀nà tóóró náà, kò sí ohun tí a lè gbé gbà á tí kì í di omi tó bá dé ẹnu. Lọ́jọ́ yẹn, ikùn ọ̀rẹ́ mi le bí ìlù, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sì ń sọ pé òùngbẹ bàbá yìí mà pọ̀ o.

Nígbà tí wọ́n dá wa padà sílé, èmi fúnra mi ṣe ohun tó yẹ kí ọdẹ ṣe. Tí ọdẹ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹnì kejì rẹ̀ ló ń bi í léèrè tàkúté tó wà níta. Mo jókòó tì í lórí ẹní.

"Ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ o dẹ tàkúté kankan?"

Ojú rẹ̀ ràn bí iná. Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n. "Omi," ó wí. "Omi! Omi!"

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, èmi kò gbọ́ èdè ojú. Mo fún un lómi. Mo wá dìde, mo lọ yẹ gbogbo ẹnu ọ̀nà oko wò, ọ̀nà Odò, ọ̀nà Ahoro, ọ̀nà Àpáta. Kò sí ààlè lẹ́nu ọ̀kankan. Mo padà wá, mo dúró láàárín ilé, mo sì fi ẹnu mi yìí sọ fún Àwẹ̀ró pé, "Ìyàwó wa, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ lọ. Gbogbo ọ̀nà ló mọ́."

Ọdẹ́lékè gbọ́ mi. Ó ní bí òun bá níbọn lọ́jọ́ náà, tí ọwọ́ òun sì ń ṣiṣẹ́, èmi lòun ìbá kọ́kọ́ yìn ín lù.

Nínú igbó, ó fi ọ̀nà tóóró sílẹ̀, ó wá ọ̀nà àtijọ́ lọ. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn ẹ̀dá kan pàdé. Wọ́n kéré, apá wọn pọ̀ ju ti alákàn lọ, wọn kò lójú, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ọ̀nà bí eṣú, wọ́n ń bó ọ̀rá ara rẹ̀, wọ́n ń gbé e mì. Kí ni ọdẹ ń ṣe sí ohun tó ń jẹ oko? Ó fi ọwọ́ òsì mú kùmọ̀. Ó lù wọ́n, ó pa wọ́n, ó dá òkìtì wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì ń kọ orin bí ó ti ń lù. Láti ìgbà tí ó ti ṣubú, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ó ṣe ohun kan tó sì ṣeé ṣe.

Ìyá àgbà kan ló ké sí i láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn obìnrin jókòó yí i ká lórí àpótí, gbogbo wọn ń pọ́n ọ̀nà bí a ti ń pọ́n ẹ̀kọ, wọ́n ń fi ọ̀rá funfun wé fọ́nrán kan lé fọ́nrán kejì, ọwọ́ wọn kò sì yá.

"Ọdẹ, ta lo ń pa nì?"

"Àwọn olè tó ń bó ọ̀nà yín ni, Ìyá Àgbà. Mo ti bá yín kápá wọn."

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé orí. "Háà! Agbálẹ̀ wa ni! Ọ̀rá tó ti rà ni wọ́n ń kó kúrò. Ìwọ ti rí ẹni tó pọ́n ẹ̀kọ tuntun sínú ewé tó ti bu rí? Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń ṣe àṣejù, tí inú bá bí wọn wọ́n a máa jẹ èyí tó ṣì dára mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá gbálẹ̀, a kò lè jókòó. Wò ó bí ilẹ̀ ṣe rí."

Ó wò ó. Ìdọ̀tí bo ọ̀nà náà dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan kó o, ó kó títí, ohun tó kó kò kún igbá. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó jókòó sínú ìdọ̀tí náà, ó sunkún.

"Ìyá, ẹ bá mi pọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo yìí. Ìyàwó mi ni."

"Àwa kì í ṣojúsàájú, ọmọ mi. Etí la fi ń yan ọ̀nà. Èyí tí a bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ lónìí, tí a gbọ́ lọ́la, tí a tún gbọ́ lọ́túnla, òun là ń pọ́n. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rìn, koríko ló ni ín. Gbé ọ̀rọ̀ rẹ, kí o máa rìn."

"Ó máa tó ọjọ́ mélòó?"

"Máa rìn."

"Bí ó bá jáde lọ́la ńkọ́?"

Ìyá Àgbà mú fọ́nrán mìíràn, ó ń wé e. "N kò mọ ọgbọ́n mìíràn tí a fi ń pọ́n ọ̀nà," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Ọdẹ́lékè gbé ọmọ adìẹ náà sí àyà, ó bọ́ sórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rìn ọ̀nà tó le rí, ẹ mú ẹnu yín kúrò níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà á rọ. Ìṣísẹ̀ kejì, á dákẹ́. Ìṣísẹ̀ kẹta, á kú sí i lọ́wọ́, Ọdẹ́lékè á sì padà sí Ìlú Ìrònú lọ mú òmíràn. Ó lọ, ó padà, ó lọ, ó padà. Tí ó bá jìnnà tán, á rántí pé òun kò tíì dé ìdajì ìdajì ọ̀nà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ńkọ́?

Ọjọ́ kejìlá tó ṣubú ló pé. Òòrùn ti mú. Ọdẹ́lékè dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ibodè Ojú ṣí sílẹ̀, ó sì rí Àwẹ̀ró tó so gèlè rẹ̀ mọ́ ìdí, tó mú ọ̀bẹ, tó mú agbọ̀n. Dókítà ti ní kí wọ́n máa fi nǹkan gbígbóná tẹ apá náà, Àwẹ̀ró sì gbàgbọ́ pé kò sí ohun tó dára tó ewé lárà gbígbóná.

"Bàbá Ọdẹ́bísí, mò ń bọ̀," ó wí. "Ewé lárà ti tán lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ já díẹ̀ wá lọ́nà Àpáta. N kò ní pẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Nínú igbó yẹn, ọkùnrin náà sáré. Ó gba ọ̀nà àtijọ́, ọ̀rọ̀ kú sí i lọ́wọ́. Ó mú òmíràn, ó kú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun, ó ṣubú, ó fi eyín gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Kò sí ibi tó yọ sí. Nígbà tí Àwẹ̀ró ti kọjú sí òde, tí kò sí àkókò mọ́, ó kó sórí ọ̀nà tóóró tí ó mọ̀ pé yóò da òun, nítorí pé ọ̀nà yẹn nìkan ló dé ibodè.

"Omi!" ó kígbe. "Omi! Omi! Omi!"

Àwẹ̀ró padà. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó bu omi, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó fún un mu díẹ̀díẹ̀ kó má baà há a lọ́fun. Ọdẹ́lékè fi ọwọ́ òsì di ìró rẹ̀ mú. Àwẹ̀ró rò pé ìfẹ́ ni. Ó rọra tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó nu ẹnu fún un, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Mo ń bọ̀ báyìí." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Ọdẹ́lékè ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí tí kò gbọ́ ọ mọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù fún un ju kó máa dẹtí. Adìẹ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹnì kan ń gún nǹkan ní ilé kejì. Ó ń dẹtí, ó ń dẹtí, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí túùkù ti bọ́ sí i, kí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kí ẹnì kan tí òun kò mọ̀ ti kó sí i dípò rẹ̀. Ó ní òun kò ní purọ́ fún mi, òun gbàdúrà ìkẹta yẹn náà. Igbe náà wá dé.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ya ẹnu tàkúté náà, èmi tó ní gbogbo ọ̀nà ló mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì Àwẹ̀ró ní ọrùn ẹsẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Apá ọ̀tún ọkọ ti kú, ìyàwó kò ní ẹsẹ̀ òsì, wọ́n dojú kọ àjà kan náà. Àwẹ̀ró kò fi ẹnu kan Ọdẹ́lékè. Kò mọ ẹni tó dẹ tàkúté náà, èmi sì mọ tàkúté ọ̀rẹ́ mi tí mo bá rí i. Mo mọ̀, n kò sọ. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹ̀rù ló sì máa ń di ẹnu àbámọ̀.

Nínú igbó, Ọdẹ́lékè ju ọmọ adìẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú Ìyá Àgbà. Ó ní òun kò gbé e mọ́.

"Gbé e," ìyá náà wí.

"Ta ni mo fẹ́ gbé e lọ fún? Ohun tí mo fẹ́ fi kìlọ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán."

"Bí ó bá wúlò, bí kò wúlò, èmi ò mọ ìyẹn. Ẹsẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ọ̀nà yìí ni o ti rìn jù. Bí o bá lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni."

Ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn agbálẹ̀ tó ṣẹ́kù yọ́ jáde, wọ́n ń gbálẹ̀ yí i ká, wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti jókòó, ó gbé ọ̀rọ̀ náà, ó sì rìn. Kò rìn nítorí ìrètí. Ó ní òun kò mọ ohun mìíràn tí òun lè máa ṣe ni. Ó rìn ín títí òjò fi dá, títí ọyẹ́ fi dé, àwọn obìnrin náà sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n ń pọ́n. Ọ̀rá tí wọ́n fi pọ́n ọn kò nípọn tó ti àtijọ́. Ibi tí ọ̀gbun wà, wọn kò lè dí i, wọ́n la ẹ̀bùrú yí i ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, èmi gbé omi wá fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Àwẹ̀ró jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó kù àti èyí tí wọ́n gé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọdẹ́lékè jókòó kọjú sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Tà," ó wí.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dúró.

"Tàkú. Tà-kú-té." Òógùn bò ó. "Tàkúté. Ọ̀nà. Àpáta."

Mo gbé ìkòkò omi náà sílẹ̀ kó má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwẹ̀ró wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo ọkọ rẹ̀. Gbogbo omi tó ti fún un mu láti oṣù wọ̀nyẹn ló ń kọjá lójú rẹ̀.

"Mo ti rí i, Bàbá Ọdẹ́bísí," ó wí.

Ọdẹ́lékè sunkún bí ọmọ ọwọ́, ẹnu tó wọ́ náà sì ń sunkún ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Mo rò pé Àwẹ̀ró máa lé àwa méjèèjì jáde kúrò nílé. Ó da ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó fi ìdí wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ," ó wí.

Ọkọ rẹ̀ mi orí, ó ń bẹ̀ ẹ́ lójú.

"Dókítà ní ohun tí ẹ bá lè sọ ni kí ẹ máa sọ, kó lè padà. Òun nìyẹn. Òun lẹ lè sọ. Ẹ tún un sọ."

"Tàkúté," Ọdẹ́lékè wí.

"Mo gbọ́. Ẹ tún un sọ."

Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí. Ẹ kó ẹní yín, kí ẹ máa lọ sílé, kí ẹni tí orí bá ń fọ́ má sọ pé kò sí nǹkan. Bí ẹ bá gba iwájú ilé wọn kọjá láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó gbọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ ti ń là báyìí. Ọkùnrin náà ń kìlọ̀ tàkúté fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì ń dá a lóhùn pé òun gbọ́.